Ẹnikẹ́ni Tó Bá Ní Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé fésì-mí-àì-fésì-yú kan, irú èyí tó kún Mushin àti Ìbàdàn. Obìnrin kan ń gbé yàrá kẹta lápá òsì. Ó ti ń húkọ́ tipẹ́, aṣọ rẹ̀ sì ti ń tóbi jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní ikọ́ fée ni, èyí tí wọ́n ń pè ní TB. Láti ọjọ́ yẹn ni ife rẹ̀ ti dá yàtọ̀: ife oníke aláwọ̀ ewé tí wọ́n so òwú pupa mọ́ létí, tí wọ́n fi kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi bomi mu. Àwo rẹ̀ náà dá yàtọ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹní rẹ̀. Àwọn ará ilé kò bú u, wọ́n tilẹ̀ ń bá a gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a tọwọ́ bọ àwo mọ́.

Ikọ́ fée kì í ti ara ife tàbí àwo ranni, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀, tó ń lò ó déédéé, kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lò ó tí wọ́n fi ń gbádùn pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti sọ ọ́ títí, ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wọn. Síbẹ̀, ife olówùú pupa kò kúrò lára ìṣó. Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tí ife yẹn ń ṣe fún ẹni tí kò tíì ṣàyẹ̀wò. Aládùúgbò tó ń húkọ́ ní yàrá kejì rí i, ó sì mọ ohun tó ń dúró de òun. Ó gba ọ̀dọ̀ alágbo lọ, ó ra oògùn ikọ́ inú ìgò, ó ní eruku ni.

Ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà, ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí ẹni tó ní ikọ́ fée rí láyé wọn. Àìsàn àyà mìíràn ló wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ń bò mọ́ra: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọn kò so òwú mọ́ ife ẹnikẹ́ni. Tiwọn, ìbéèrè ni. Bí èèyàn bá sọ lọ́hùn-ún pé jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe òun, wọ́n á kí i, wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á bá a sáré orí títì pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ píǹkì. Bó bá ní ti ẹ̀dọ̀fóró ni, kí "pẹ̀lẹ́" tó jáde lẹ́nu wọn, ìbéèrè á ti ṣáájú: "Ṣé o máa ń fa sìgá ni?"

Àìsàn yìí kì í ṣe kékeré. Kò sí jẹjẹrẹ tó ń pa èèyàn láyé tó o. Ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 èèyàn ni wọ́n rí i lára wọn káàkiri àgbáyé, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ ni etí wa mọ̀, àti ti pírọ́sítéètì lára àwọn ọkùnrin. Ti ẹ̀dọ̀fóró kò pọ̀ tó wọn nínú ìwé àkọsílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ ẹnì kan tí a lè nawọ́ sí pé òun ló ṣe.

Ìbéèrè sìgá yẹn ní ìdí. Ní 1950, àwọn olùwádìí méjì ní Ìlú Ọba, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń rìn pọ̀. Ní January 1964, olórí àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, Luther Terry, kéde ohun kan náà fún gbogbo ìlú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, òótọ́ yẹn sì ti gba ẹ̀mí tí kò níye là. Títí dòní, nínú ẹni mẹ́wàá tí àìsàn yìí bá pa ní Amẹ́ríkà, sìgá wà nídìí ti bíi mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìmọ̀ yìí dá aláìsàn lẹ́jọ́. Ẹni tó fa sìgá, wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Wọ́n gbàgbé pé ọmọ ogún ọdún ò pé ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fà á, pé ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ di sìgá mọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tí kò sì fà á rí láyé rẹ̀, àfi kó máa búra káàkiri. Àwọn wọ̀nyí kò sì kéré: nínú ẹni mẹ́wàá tí wọ́n bá rí àìsàn náà lára wọn ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan tàbí méjì kò mu sìgá rí.

Roy Castle jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Afunfèrè ni, ó sì tún ń ṣe ètò fún àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Kò fa sìgá, ṣùgbọ́n ó lo ọ̀pọ̀ ọdún tó ń fun fèrè nínú àwọn ilé fàájì tí èéfín sìgá àwọn ẹlòmíràn ti ń rú bo ojú. Ẹni tó ń fun fèrè a máa mí kanlẹ̀. Ó gbà pé èéfín yẹn ló pa òun lára. Kó tó kú ní 1994, ó fi ara àìlera rìnrìn àjò láti kówó jọ fún ibùdó ìwádìí ní Liverpool, àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Heather Crowe náà wà ní Ottawa, ní Kánádà. Ogójì ọdún ló fi ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà nínú ilé oúnjẹ tí èéfín sìgá kún. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe é fún un ní 2002, kò sá pamọ́. Ó jáde sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bẹ àwọn aṣòfin kí wọ́n lé èéfín sìgá kúrò níbi iṣẹ́. Ó kú ní 2006. Ọdún yẹn náà ni Dana Reeve, òṣèré ará Amẹ́ríkà, kú lẹ́ni ọdún 44, òun náà kò mu sìgá rí.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa wọ́n pọ̀: ìtàn wọn wọ ìlú létí nítorí pé wọn kò mu sìgá. Kí ni ká wá ṣe fún ẹni tó mu ún? Ṣé tirẹ̀ kì í ṣe ikú ni?

Ìdí nìyí tí ìtàn Heidi Nafman-Onda fi wọ̀ mí lára ju gbogbo wọn lọ. Ìpínlẹ̀ Colorado ló ń gbé. Ní 2018, wọ́n rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára rẹ̀, ó sì ti dé ìpele kẹta. Ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi bóyá ó mu sìgá tàbí kò mu, nítorí ìbéèrè yẹn gan-an ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ayé jáwọ́ nínú rẹ̀. October ni oṣù jẹjẹrẹ ọmú, gbogbo ìlú á pọ́n fún píǹkì. November tó tẹ̀ lé e ni oṣù ti ẹ̀dọ̀fóró, kẹ́kẹ́ a sì pa. Ní 2020, Heidi ní kí ọkọ rẹ̀, Pierre, tó jẹ́ dókítà, bá òun fi pákó gé ríbọ́nì kan tí òun máa gbé kọ́ sí ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé wọn.

Ríbọ́nì tí a mọ̀, bébà tàbí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí a ń fi píìnì há àyà ẹ̀wù, téèyàn lè yọ sápò bí àlejò bá ń bọ̀. Ti Pierre kò ṣeé yọ sápò. Pákó gidi ni, ó fi ayùn gé e, ó fi ìwé iyanrìn ha etí rẹ̀, ó kùn ún ní funfun láú, wọ́n sì gbé e síta níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ á ti rí i. Àwọn aláìsàn mìíràn rí àwòrán rẹ̀, wọ́n ní àwọn náà ń fẹ́. Pierre ń gé e síwájú sí i nínú ilé, wọ́n ń kó o sínú mọ́tò, wọ́n ń gbé e lọ sí àwọn ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì àti aláìsàn á jọ dì í mú, wọ́n á yàwòrán. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò gùn: ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀dọ̀fóró lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nínú gbólóhùn yẹn, kò sí mímọ́, kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ìtìjú yìí ń gba ẹ̀mí, mi ò fi bò. Ní 2011, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí èèyàn tó lé ní 53,000 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ CT tí ìtànṣán rẹ̀ kéré yẹ àyà àwọn tí sìgá ti pẹ́ lára wọn wò lọ́dọọdún, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láàárín wọn á fi ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n ń ya ẹ́síréè lásán fún. Síbẹ̀, nínú àwọn tó yẹ kó lọ ṣe é, kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún tó ń lọ. Owó wà nínú ohun tó fà á, àìmọ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ jókòó síwájú ẹni tó máa fojú ẹlẹ́bi wò ó?

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Houston tàbí Maryland, ẹ fetí sí èyí. Ìlànà àtijọ́ lórí àyẹ̀wò náà ní Amẹ́ríkà, ti 2013, ẹni ọdún 55 sókè tó ti fa páálí sìgá kan lójúmọ́ fún 30 ọdún ló ń pè. Ìwádìí fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń kó àìsàn yìí lórí sìgá tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlànà náà sì ń yọ wọ́n sẹ́yìn. Ní 2021 wọ́n fà á wálẹ̀ sí ẹni ọdún 50 àti 20 ọdún, bí onítọ̀hún bá ṣì ń fà á tàbí tí kò tíì ju ọdún 15 lọ tó ti jáwọ́.

Àwọn tó là á já ti wá di ẹgbẹ́. Ní 2004 àti 2007, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan wà tó jẹ́ pé àyípadà kan ṣoṣo nínú àbùdá sẹ́ẹ̀lì ló ń tì wọ́n síwájú. Wọ́n ń pè é ní EGFR, ALK, ROS1. Wọ́n ṣe oògùn oníkóró tó ń dojú kọ àyípadà yẹn gan-an, èyí tí aláìsàn lè máa gbé mì nílé, àwọn tó jẹ́ pé oṣù ni wọ́n ń kà fún sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọdún. Àwọn tó ní ROS1 kò pọ̀ rárá, ọ̀kan ní ìlú kan, ọ̀kan ní òmíràn. Janet Freeman-Daily, ẹnjiníà tí wọ́n rí àìsàn yìí lára rẹ̀ ní 2011, wà lára àwọn tó kó wọn jọ tí wọ́n fi di ẹgbẹ́ ROS1ders. Wọn kò dúró kí ìwádìí wá bá wọn. Wọ́n ń fi ẹran ara tí wọ́n gé lára wọn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa fi ṣèwádìí. Àtilà náà kò rọrùn o. Oògùn yẹn lè dẹ́kun iṣẹ́ lójijì, oṣù mélòó kan síra wọn ni wọ́n ń padà lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, oorun kì í sì í kun ojú ẹni lóru ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n tún ń sin àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà ikọ́ fée ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sábà máa ń gbà sá mọ́ wa lójú. Ikọ́ ni àwọn méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì ń mú kí èèyàn rù, wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n sì lè jọra lórí fíìmù ẹ́síréè. Àwọn dókítà wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé àwọn aláìsàn kan ti lo oògùn TB kí wọ́n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ìtọ̀ onítọ̀hún á ti pọ́n bí omi ọsàn nítorí oògùn, ikọ́ á sì wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe sìgá nìkan ló wà láyìíká wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi èéfín ẹ́ńjìnnì dísù àti afẹ́fẹ́ ìlú tó dọ̀tí sára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, asbẹ́sítọ́ọ̀sì inú síìlìnì àtijọ́ sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tó bá ti húkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣe àyẹ̀wò TB láìfi falẹ̀. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe TB, tàbí tó ń lo oògùn TB déédéé tí ikọ́ náà kò lọ, tí ohùn ń há, tí orí ìka ń wú tí èékánná sì ń tẹ̀ kọdọrọ, kó má gba oògùn ikọ́ inú ìgò padà sílé. Kó béèrè pé, "Dókítà, bí kì í bá ṣe TB, kí ni?" Kó mú fíìmù ẹ́síréè àtijọ́ àti tuntun dání, kí wọ́n lè gbé wọn síra wọn. Kí ẹnì kan nínú ilé sì bá a lọ, kó bá a jókòó níwájú dókítà, kó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ya CT, iye tó jẹ́, àti ọjọ́ tí àbájáde máa jáde.