Pípa Iná àti Wíwo Ojú Ọ̀run Lálẹ́: Àgbéyẹ̀wò Kan láti Festac Town àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Àwọn tó pa òwe yìí ti wo ojú ọ̀run ní àwòfín. Wọ́n rí i pé lálẹ́ ọjọ́ kan, àgùàlà a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù. Bí alẹ́ mélòó kan bá kọjá, oṣù a ti rìn jìnnà sí i. Wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Lónìí, bí olùkọ́ bá kọ òwe yìí sójú pátákó ní Festac Town, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á kọ, wọn yóò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá ni a ó rí ọ̀kan nínú wọn tó lè na ìka sí àgùàlà. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí iná tí à ń tàn láìnídìí ṣe ń gba owó lọ́wọ́ wa, tó sì ń gba ìràwọ̀ lójú àwọn ọmọ wa. A ó sì sọ ipa tí olùkọ́ lè kó.

Ìlú tí à ń sọ nípa rẹ̀

Wọ́n kọ́ Festac Town láti gba àwọn tó wá sí àjọ̀dún àgbáyé kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tó wáyé ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1977. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ni ó wà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná ṣọ́ọ̀bù, ilé ìjọsìn, ilé epo àti ti ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Mile 2 àti ọ̀nà Badagry a máa tàn dé ojú sánmà.

Ẹnikẹ́ni lè bi wá pé, "Ṣé ìlú tí iná kì í dúró níbẹ̀ ni ẹ tún fẹ́ kí a máa paná?" Ìbéèrè gidi ni. A dá NEPA sílẹ̀ ní 1972. Ó di PHCN ní 2005. A sì fa pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Síbẹ̀, bí iná bá dé, àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo "Ọ́ọ̀pù NÉPÀ!" Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sáàrin àìríná àti ìpaná. Àìríná jẹ́ ìyà tí a fi jẹni. Ìpaná jẹ́ ìpinnu tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Kódà, àìríná ló kọ́ wa ní ìwà ìfiná-ṣòfò. Bí iná bá lọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ọ̀pọ̀ wa kì í pa súìṣì. Bí ó bá wá dé ní agogo méjì òru, gbogbo gílóòbù ilé, ti yàrá, ti ilé ìdáná, ti ìta, ni yóò tàn lórí ẹni tó ti sùn lọ fọnfọn. Ìmọ́lẹ̀ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mítà ń kà.

Ìṣirò owó iná

Ẹ jẹ́ kí a fi gílóòbù ìta méjì ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, tí a sì ń tàn wọ́n fún wákàtí 12 lálẹ́, yúnìtì 43.2 ni wọn yóò jẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúnìtì kan di náírà 225 fún àwọn tó wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Bí a bá fi iye yẹn ṣe ìṣirò, náírà 9,720 ni. Bí a bá fi gílóòbù LED oníwáàtì 9 rọ́pò wọn, owó náà yóò di náírà 1,458. Bí a bá tún ń pa wọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, yóò di náírà 486. Iye owó yúnìtì ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìpín èrè náà kò yí padà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èrè náà kò mọ sí àpò wa nìkan. Gáàsì ni wọ́n ń sun láti pèsè iná ní Ẹ̀gbìn, lẹ́bàá Ìkòròdú. Epo ni jẹnẹrétọ̀ ilé wa ń mu, èéfín rẹ̀ sì ti ṣekú pa ọ̀pọ̀ ẹbí tó gbé e sítòsí ibi tí wọ́n ń sùn. Ẹni tí iná tó ń lò bá kéré, epo tí yóò sun yóò kéré.

Bí iná ṣe ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀

Ìràwọ̀ kò kúrò lókè. Bí iná bá tàn sókè, yóò kọlu eruku, èéfín àti ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́, wọn yóò sì fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà padà sí wa lójú. Sánmà yóò wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìmọ́lẹ̀ kékeré ti ìràwọ̀ yóò sì sọnù sínú rẹ̀. Iná funfun tó ní àwọ̀ búlúù ń fọ́n ká ju iná tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lọ. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ó ju ìpín 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ayé tó ń gbé lábẹ́ sánmà tí iná ti bà jẹ́, àti pé ìdá kan nínú mẹ́ta aráyé kò lè rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó dà bí kùrukùru funfun tó la ọ̀run kọjá.

Àgùàlà alára mọ́lẹ̀ gan-an, iná Èkó kò lè bò ó. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké ni à ń pàdánù. Ẹ̀dá mìíràn náà ń fara gbá a: ọmọ ìjàpá òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní etíkun ń wá ojú omi tó mọ́lẹ̀, iná ilé a sì ṣì í lọ́nà lọ sórí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò àti iṣẹ́ olùkọ́

A kò sọ pé kí òpópónà ṣókùnkùn. Olè ń bẹ, ẹ̀rù sì tọ́. Iná tó ń tàn sí ojú ẹni kì í jẹ́ kí á rí ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Iná tí a fi ìdérí bò lókè, tó dojú kọ ilẹ̀, tó sì mọ níwọ̀n, ni ó ń ṣọ́ ilé jù.

Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka gílóòbù ilé wọn, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò irú èyí tí a ṣe lókè. Kí wọ́n máa pa súìṣì bí iná bá lọ. Kí ilé kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn òbí, pa iná ìta fún wákàtí kan, bí a ti ń ṣe káàkiri ayé ní òpin oṣù kẹta láti ìgbà tí ìlú Sydney ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2007. Láti oṣù kìn-ín-ní sí ìkejì, bí ọyẹ́ kò bá bo ojú sánmà, wọn yóò rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn ní òkè orí. Ní oṣù karùn-ún, wọn yóò rí mẹ́rin tó ṣe bí àgbélébùú níhà gúúsù. Ibẹ̀ ni kí a ti pa àlọ́, kí a sì ti kọ́ wọn ní òwe àgùàlà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ èdè kò pé bí ohun tí èdè ń sọ bá ti di àwátì lójú ọmọ. Àwọn àgbà ní, "Òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kí ó tún un ṣe." Ọwọ́ wa kò tó òṣùpá, ṣùgbọ́n ó tó súìṣì.