Kébù Tọ́tù Alùpùpù àti Tọ́tù Oní-kọ̀ǹpútà: Èwo Ni Ó Ṣeé Fọkàn Tán Jù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni abẹ́rẹ́ wà, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ tọ́tù alùpùpù rí. Tọ́tù ni ọwọ́ ọ̀tún tí ọlọ́kadà ń yí láti fi kún eré. Bí ó bá jù ú sílẹ̀, eré gbọ́dọ̀ dínkù lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá dínkù, ẹ̀mí ọlọ́kadà, ti èrò tí ó gbé sẹ́yìn, àti ti ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá ọ̀nà ti wọ inú ewu. Nítorí pé àwọn alùpùpù tí kò ní kébù tọ́tù rárá ti wà báyìí, ó yẹ kí ará ìlú mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irú méjèèjì.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù tí ó ń ná ọ̀nà wa, irú bí Bajaj Boxer, ni ó ń lo kébù. Àwọn irin tín-ín-rín tí a lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn ni kébù yìí, inú rọ́bà ni ó sì ń gbà kọjá. Orí kan rẹ̀ so mọ́ ọwọ́ tọ́tù, èkejì so mọ́ kabúrétọ̀. Bí a bá yí tọ́tù, kébù á fà, ọ̀nà epo àti afẹ́fẹ́ á ṣí. Bí a bá jù ú sílẹ̀, sípíríǹgì á dá a padà.

Kébù kì í sábà já láìfi àmì hàn. Àwọn irin rẹ̀ a máa já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá ní ibi tí ó ti tẹ̀ lẹ́bàá ọwọ́ tọ́tù. Eruku, omi òjò àti ìpaárà a sì máa mú kí ó wúwo. Ewu tí ó burú jù ni pé irin tí ó ti já lè há sínú rọ́bà, kí tọ́tù má sì padà mọ́. Àǹfààní kébù ni pé ojú lè rí àìsàn rẹ̀, ọwọ́ sì lè mọ̀ ọ́n. Kò wọ́n, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti tọ́tù oní-kọ̀ǹpútà, Yamaha lò ó lára YZF-R6 ti ọdún 2006, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kébù ṣì wà láàárín ọwọ́ tọ́tù àti sẹ́ńsọ̀ nígbà náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ kò ní kébù náà mọ́. Sẹ́ńsọ̀ ni ó ń mọ bí a ṣe yí ọwọ́ tó. Á ròyìn fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì pàṣẹ fún mọ́tò kékeré tí ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Kí àṣìṣe má baà wáyé, sẹ́ńsọ̀ a máa ju ẹyọ kan lọ; bí ìròyìn wọn kò bá dọ́gba, kọ̀ǹpútà á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Alùpùpù oníná mànàmáná, irú èyí tí ó ti ń gbé èrò ní Benin àti Togo, kò tilẹ̀ ní kabúrétọ̀ rárá. Sẹ́ńsọ̀ ni tọ́tù tirẹ̀ náà ń lò.

Irú tọ́tù yìí kò ní irin tí ń já, àmọ́ ó ní àìlera tirẹ̀. Omi lè wọ ibi tí wáyà ti so pọ̀, eku lè jẹ wáyà, bátìrì tí kò lágbára sì lè dà á láàmú. Ojú lásán kì í rí àìsàn rẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò àti mẹkáníìkì tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, tọ́tù oní-kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ kébù. Kébù tí a ń tọ́jú ṣeé fọkàn tán. Èyí tí a pa tì ni ó ń di ikú.

Kí ọlọ́kadà tó gbéra láràárọ̀, kí ó ṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ó yí tọ́tù nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́, kí ó sì jù ú sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀.
2. Kí ó tan ẹ́ńjìnnì nínú jíà òfo, kí ó sì yí ọwọ́ alùpùpù sí òsì àti sí ọ̀tún pátápátá. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá ga sókè, kébù ń fà níbi tí kò yẹ.
3. Kí ó wo orí kébù méjèèjì. Bí irin kan ṣoṣo bá ti já, kí ó pààrọ̀ kébù náà. Kí ó má ṣe so ó.
4. Bí tọ́tù bá jẹ́ oní-kọ̀ǹpútà, kí ó má ṣe fojú di iná ìkìlọ̀, kí ó má sì gé wáyà rẹ̀ láti fi so nǹkan mìíràn.

Bí tọ́tù bá há lójú ọ̀nà, kí ó di kílọ́ọ̀ṣì mú, kí ó tẹ bírékì méjèèjì, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ oníná mànàmáná tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kí ó tẹ bírékì, kí ó sì pa kọ́kọ́rọ́.

Èrò náà ní ipa láti kó. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ké nígbà tí ọlọ́kadà ti jù tọ́tù sílẹ̀, ẹ ní kí ó dúró, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀. Owó kébù kò tó nǹkan. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.