Omi tó mọ́ gaara lè pa ẹja: Bí a ṣe ń yẹ omi ẹja inú ilé wò

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sínú àpótí gíláàsì nínú pálọ̀ wọn. Wọ́n á ra ẹja mẹ́wàá, omi á mọ́ gaara, àwọn ọmọ á máa wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹja mẹ́fà á ti kú, wọ́n á léfòó. Ẹni tó ta ẹja ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, inú omi gan-an ni ikú náà ti wá, ojú lásán kò sì lè rí i.

Bó ṣe rí nìyí. Inú omi kan náà ni ẹja ti ń mí, tó ti ń jẹun, tó sì ń yàgbẹ́ sí. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó sì jẹrà ló ń di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di nitrite. Májèlé ni èyí náà, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ. Àwọn bakitéríà mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí ewu tirẹ̀ kò tó ti àwọn méjì àkọ́kọ́. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí àpótí tuntun fi ń pa ẹja.

Ohun ìyẹ̀wò tí wọ́n ń tà pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rì bọ omi. Èkejì ni oògùn olómi tí a ń kán sínú ìgò kékeré tí a bu omi àpótí sí, tí a ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwòrán tó bá a wá. Èyí olómi ló sábà máa ń péye jù. Kí amóníà àti nitrite jẹ́ òdo. Kí nitrate má kọjá 40 mílígíráàmù nínú lítà kan. pH tó wà láàárín 6.5 sí 8 bá ọ̀pọ̀ ẹja lára mu, ṣùgbọ́n kó má ṣàdédé yí padà. Bí pH bá ga, tí omi sì gbóná, oró amóníà máa ń le sí i.

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní aago kan náà, ẹ kọ ọjọ́, iye tí ẹ rí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹja tuntun, omi tí ẹ pààrọ̀, tàbí iná tó lọ. Ká ní nitrate jẹ́ 10 lọ́sẹ̀ kìíní, 20 lọ́sẹ̀ kejì, 30 lọ́sẹ̀ kẹta. Kò sí èyí tó burú nínú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá tò wọ́n pọ̀, wọ́n ń sọ pé oúnjẹ ti pọ̀ jù tàbí pé omi tí à ń pààrọ̀ kéré.

Bí amóníà tàbí nitrite bá yọjú, ẹ má da oògùn lé oògùn. Ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ́kọ́ lo oògùn tó ń pa klọ́ríìnì inú omi ẹ̀rọ. Ẹ yẹ omi kànga náà wò kí ẹ tó bù ú sí i. Omi tí ẹ bù kúrò nínú àpótí ni kí ẹ fi fọ fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, kí bakitéríà inú rẹ̀ má baà kú. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀rọ náà á dúró, bakitéríà lè kú nítorí àìsí ọ́síjìn. Ẹ yẹ omi wò lọ́jọ́ kejì.

Ẹja kò lẹ́nu tó lè fi sọ ibi tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ á mọ ọjọ́ tí nǹkan yí padà, kò sì ní í di ẹ̀bi ru ẹni tó ta ẹja fún un láìṣẹ̀.