Ọjọ́ Ajé ní Ọ́fíìsì Ọ́nárébù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin máa ń jókòó ní Àbújá. Aṣojú 360 ló wà níbẹ̀, òfin ilẹ̀ wa sì sọ pé ọjọ́ ìjókòó wọn kò gbọdọ̀ dín ní 181 lọ́dún. Ohun tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn: òòlù, agbádá àti ariwo. Ọjọ́ Ajé ni ẹ kì í rí, nígbà tí ọ́fíìsì aṣòfin bá ṣí nílé, tí àwọn ènìyàn sì ti jókòó tò sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje àárọ̀.

Mo ṣiṣẹ́ nínú irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, láti ìparí ọdún 2023, ní ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà níhìn-ín ṣì ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti gba àlejò, kí n kọ orúkọ wọn àti ohun tí wọ́n bá wá sínú ìwé ńlá kan, kí n sì kọ lẹ́tà tí Ọ́nárébù yóò buwọ́ lù.

Ẹ rántí irú àkókò tó jẹ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Láàárín ìgbà náà ni òfin ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, tí owó iná fò sókè fún àwọn tí wọ́n pè ní Band A, tí owó oṣù tó kéré jù sì kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000. Àbújá ni wọ́n ti kéde gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ènìyàn ti ń bèèrè ìtumọ̀.

Ọ̀pọ̀ jù lọ àlejò wa, owó ni wọ́n bá wá: owó ilé ìwòsàn, owó ilé, owó ìsìnkú. N kò dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí owó ọkọ̀ láti abúlé dé ọjà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè ọjà tán, ta ni ènìyàn ìbá tún tọ̀ lọ? Àwọn olóṣèlú fúnra wọn ló sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ètò ìrónilágbára ni wọ́n ń pè é: ọ̀kadà márùn-ún, ẹ̀rọ ìlọta mẹ́wàá, kànópì, fọ́tò. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ọ́nárébù a máa dé òde mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí kò bá yọjú síbi ìsìnkú ìyá alága wọ́ọ̀dù, kó má retí pé wọn yóò rántí òun lọ́jọ́ ìdìbò abẹ́lé. Kò sí ibi tí ìwé òfin kọ iṣẹ́ yìí sí, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ àkókò jù.

Iṣẹ́ kejì, èyí tí kò ní kànópì, ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan àti ìyá rẹ̀ wá ní ọdún 2025. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ti fẹ́ kọjá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ọmọ náà wà, ni ìyá rẹ̀ bá yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù láti san owó ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni NELFUND tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó rẹ̀. Bí ètò náà ṣe rí ni pé owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san án fún tààrà, ₦20,000 owó ìgbọ́bùkátà oṣooṣù nìkan ló ń wọ àkáǹtì ọmọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe gba owó ẹ̀ẹ̀mejì lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan nìyẹn. Ó lọ bèèrè, ẹ̀ka kan darí rẹ̀ sí èkejì, èkejì dá a padà sí àkọ́kọ́. Gbèsè méjì ti wà lọ́rùn wọn: ti ìjọba tí ọmọ yóò san lọ́jọ́ iwájú, àti ti àjẹsẹ́kù tí ìyá ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ Ọ́nárébù kí wọ́n fi ₦50,000 ràn wá lọ́wọ́."

Mo ní, "Ẹ dìde, mà. Owó yín wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Rìsíìtì dà?"

Ó wà nínú ọ̀rá kan, pẹ̀lú gbogbo ìwé yòókù. A kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NELFUND. Ìdákẹ́jẹ́ ni èsì. A kọ èkejì. Nínú ẹ̀kẹta, Ọ́nárébù fi kún un pé òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú ní Ilé. Owó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Lẹ́tà aṣòfin kì í ṣe àṣẹ o. Abala 88 àti 89 ìwé òfin ọdún 1999 fún Ilé àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ lágbára láti ṣe ìwádìí àti láti ránṣẹ́ pe ènìyàn, ṣùgbọ́n aṣòfin kan ṣoṣo kò lè pàṣẹ fún àjọ ìjọba kankan. Ohun tó ń mú lẹ́tà náà ṣiṣẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ tó ti fáìlì sí ẹ̀gbẹ́ kan mọ̀ pé ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà lè wà lára àwọn tí yóò yẹ ètò ìṣúná àjọ òun wò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí àjọ náà fúnra yín, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé. Ẹni tó bá mú ẹ̀dà yìí àti ọjọ́ tó kọ ọ́ wá, ìdajì iṣẹ́ ló ti bá wa ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ gba lẹ́tà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wá, wọ́n ti dá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dúró nítorí kò ì tíì ṣe ìjẹ́rìí pé òun wà láàyè, èyí tí àjọ PTAD gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá kò ní fóònù tó lè ṣe é. A fi tèmi ṣe é. Nígbà tó parí, ó wò mí lójú: "Ṣé mo ti wá wà láàyè báyìí?"

Àlejò tí n kò lè gbàgbé ni Àǹtí kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré. Olùkọ́ mẹ́jọ ni wọ́n, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. ₦25,000 ni owó oṣù rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé Ààrẹ buwọ́ lu ₦70,000 ní oṣù Keje, ọdún 2024, ó sì fẹ́ kí Ọ́nárébù kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́. Mo ṣí òfin náà fún un. Òfin ọdún 2019 yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2024, iye owó ni wọ́n yí padà, tí wọ́n sì dín ọdún àtúnyẹ̀wò kù láti márùn-ún sí mẹ́ta. 25 yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Kò sí lẹ́tà tó lè wo èyí sàn, nítorí ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ kò rú òfin. Síbẹ̀, lójú tèmi, nínú gbogbo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti aṣòfin gan-an. Òfin a sì máa yí padà. Òfin ẹ̀yáwó àkọ́kọ́, ti oṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ pé ọmọ tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ bá ti tó ₦500,000 lọ́dún kò lè yá owó, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àwọn onídùúró wá. Ariwo sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Ààrẹ fi àbá òfin tuntun ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin. Kí oṣù kan tó pé, ó ti buwọ́ lù ú, láìsí ìdíwọ̀n owó ìdílé nínú rẹ̀. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó gba kọ́bọ̀.

Mo mú Àǹtí wọlé bá Ọ́nárébù kí wọ́n tó lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ní bí àwọn bá dín 25 náà kù, ó lè jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn yóò lé olùkọ́ mẹ́ta láti lè san owó àwọn tó kù. Owó tí àwọn òbí ń san níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àǹtí náà kò jiyàn.

Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ṣé ẹ bi àwa olùkọ́ léèrè kí ẹ tó kọ ọ́?"

Ọ́nárébù ní àwọn kò tíì dé Ilé nígbà náà, àwọn yóò sì gbé e yẹ̀ wò. Títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, àbá òfin kankan kò tíì ti ọ́fíìsì wa jáde lórí rẹ̀. Àǹtí tẹ̀lé mi jáde, ó ní kí n tún ṣí ojú ìwé náà. Ó fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ 25 sí, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn méje yòókù.