Ṣé iye “plus” tó wà lórí èsì àyẹ̀wò ló ń sọ bí ibà ọmọdé ṣe le tó?

Bí òbí bá gba èsì àyẹ̀wò ibà ọmọ rẹ̀ ní láàbù, àmì “+” tó wà níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá. Lórí WhatsApp àti Facebook, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé “plus one” kò ní wàhálà, pé kí òbí ra oògùn tàbí kó se àgbo, àti pé “plus three” gan-an ni ibà tó léwu.

Ṣé òótọ́ ni? Rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣini lọ́nà, ó sì lè fi ẹ̀mí ọmọ wewu.

Kí ni “plus” túmọ̀ sí?

Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, á sì fi maikirosikóòpù wá kòkòrò ibà nínú rẹ̀, láti ojú ibì kan sí òmíràn. Bó bá rí kòkòrò 1 sí 10 lẹ́yìn tó wo ojú ibi 100, plus kan ni. Bó bá jẹ́ 11 sí 100, plus méjì ni. Bó bá ń rí 1 sí 10 lójú ibì kan ṣoṣo, plus mẹ́ta ni. Bó bá ju 10 lọ lójú ibì kan, plus mẹ́rin ni.

Èyí ni pé plus ń sọ iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà. Kò sọ iṣẹ́ ibi tí kòkòrò náà ti ṣe nínú ara.

Kí ló dé tí méjèèjì kì í fi í bára mu?

Àkọ́kọ́, Plasmodium falciparum, kòkòrò tó ń fa ibà líle jù lọ ní Áfíríkà, máa ń fara pamọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá ti dàgbà sínú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara òpójẹ̀ tín-ín-rín nínú ọpọlọ àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Èyí tó bá lẹ̀ síbẹ̀ kò ní sí nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lórí ìka.

Ìkejì, níbi tí ibà ti wọ́pọ̀, ara ọmọ tí ibà ti ṣe léraléra lè ti mọ́ kòkòrò náà lára. Ó lè ní in nínú ẹ̀jẹ̀ kó sì máa ṣeré kiri.

Ohun tí wọ́n rí ní Libreville

Ní Centre Hospitalier de Libreville, ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, àwọn dókítà fi ọdún méjì ṣàkíyèsí àwọn ọmọdé tí ibà líle ń bá jà. Malaria Journal gbé ìwádìí náà jáde ní 2005. Nínú ọmọ 583, ó lé ní 92 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò tí ì pé ọdún 5.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, nǹkan bí 68 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Lactate ga lára 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì lọ sílẹ̀ lára 10. Mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ló kú.

Àmì tó wọ́pọ̀ jù kọ́ ló pa ọmọ jù. Àwọn tí ikú pọ̀ jù láàárín wọn ni ọmọ tó dákú tàbí tí gìrì mú, èyí tí lactate rẹ̀ ga, àti èyí tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọmọ tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ni ewu rẹ̀ ga jù.

Kí ni dókítà ń wò nínú ẹ̀jẹ̀?

*Ṣúgà:* Ọmọ tí ibà mú kì í jẹun, ara rẹ̀ sì ń lo ṣúgà lọ́pọ̀. Bó bá wá sílẹ̀ ju 40 mg/dL lọ, ewu ti dé. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò lè fi èyí hàn láàárín ìṣẹ́jú kan.

*Lactate:* Èyí ni èròjà kíkan tí ara ń mú jáde nígbà tí ọ́síjìn kò bá dé ibi tó yẹ. 5 mmol/L sókè jẹ́ àmì ewu.

*Hemoglobin tàbí PCV:* Èyí ló ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó. Bí hemoglobin ọmọdé tó ní ibà bá já sí 5 g/dL tàbí tí PCV rẹ̀ já sí 15%, ibà líle ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń pè é.

Ṣé plus kò wúlò rárá ni?

Ó wúlò. Òun ló ń fi hàn pé ibà ni, ó sì ń fi hàn bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí kòkòrò bá wà nínú ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì pupa lọ, WHO ka ìyẹn náà mọ́ àmì ibà líle. Ṣùgbọ́n plus kékeré kò túmọ̀ sí pé ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Kí ni kí òbí ṣe?

Ẹ wo ọmọ kí ẹ tó wo ìwé èsì. Bí gìrì bá mú un, bí kò bá jí dáadáa, bí kò bá lè jókòó tàbí mu ọmú, bó bá ń mí gúlegúle, bó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tàbí bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi kóòkì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ plus kan ló wà lórí èsì rẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti wo ṣúgà àti PCV rẹ̀.

Àbájáde

Ọ̀rọ̀ pé “plus one” kò léwu ń ṣini lọ́nà. Plus ń ka kòkòrò. Bí ọmọ ṣe rí, pẹ̀lú ṣúgà, lactate àti iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló ń sọ bí ibà náà ṣe le tó.