Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àlàyé Lórí Sinimá Àtijọ́ ti Hollywood

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ òtítọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ, kí ó má fetí sí ẹnu nìkan. Kí ó wo ojú pẹ̀lú. Òwe kúkúrú yìí ni mo fẹ́ fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi ṣí ọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò kà sí, èyíinì ni sinimá àtijọ́ tí wọ́n yà ní Hollywood, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí a bá tan irú sinimá bẹ́ẹ̀ fún wọn, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. Wọn a ní kò ní àwọ̀, wọn a ní kò ní ohùn, wọn a sì ní àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sáré kiri bí ẹni tí ìjàlọ bọ́ sí láṣọ. Ẹ̀rín náà kò burú, ṣùgbọ́n a máa dá ènìyàn dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tí ó kún fún ọrọ̀. Nínú àròkọ yìí, n ó gbìyànjú láti ṣàlàyé bí a ti í wo irú sinimá bẹ́ẹ̀, ohun tí ó yẹ kí á máa wá nínú rẹ̀, àti ìdí tí pípa á tì fi jẹ́ àdánù fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìsáré yẹn kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni àwọn ọmọ ìyá méjì kan, àwọn Lumière, tan sinimá fún àwọn tí ó sanwó wò ó ní ìlú Paris. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1927, díẹ̀ kín-ún ni sinimá tí ó ní ohùn. Ọwọ́ ni ayàwòrán ayé ìgbà náà fi ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, nǹkan bí àwòrán 16 sí 20 ni ó sì sábà máa ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ohùn wọ inú sinimá, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwòrán 24 ni kí ó máa kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ohùn má ba à lọ́. Bí a bá wá fi ẹ̀rọ tí ń yí 24 tan sinimá tí wọ́n yà ní 16, ohun tí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń yà á yóò parí ní ìṣẹ́jú méjì péré. Nítorí náà, kì í ṣe òṣèré ni ó ń sáré. Ẹ̀rọ wa ni ó ń lé e. Bí a bá rí sinimá kan náà tí a tàn bí ó ti yẹ kí á tàn án, a ó rí i pé ènìyàn gidi ni wọ́n, pé wọ́n ń rìn bí a ti ń rìn.

Bí a bá tún ní kò ní ohùn, kì í ṣe pé ilé sinimá dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnìkan a máa lu dùùrù lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń tan sinimá sí. Ní àwọn ilé ńlá, ẹgbẹ́ olórin odidi ni yóò wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí kò ṣeé fi ojú sọ ni wọ́n ń kọ sáàrin àwòrán kí àwọn òǹwòran lè kà á. Ìyókù, ojú, ọwọ́ àti ìrìn òṣèré ni ó ń sọ ọ́.

Ó yẹ kí irú iṣẹ́ yìí tètè yé ọmọ Yorùbá, nítorí èdè wa fúnra rẹ̀ ka ojú sí ẹnu kejì. À ń lejú mọ́ ọmọ, à ń mọ́ ẹni tí a kò fẹ́ lójú, à ń ṣẹ́jú sí ọ̀rẹ́, à ń fajú ro níwájú ẹni tí ó ṣẹ̀ wá, a sì ń ṣíjú àánú wo ẹni tí ìyà ń jẹ. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa, tí ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilé onílé, kò ní dúró kí ìyá rẹ̀ tó fọhùn kí ó tó mọ̀ pé kí òun má fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ó ti rí i lójú ìyá rẹ̀. Òṣèré sinimá aláìfọhùn ni ìyá yẹn. Àwa tí à ń wò ó ni ọmọ.

Àwọn tí ó fi ojú àti ara sọ̀rọ̀

Ẹ wo Lon Chaney, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ọdún 1883. Adití ni bàbá rẹ̀, adití sì ni ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń fi ọwọ́ àti ojú bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di òṣèré, tí ó ṣe abuké nínú The Hunchback of Notre Dame (1923), tí ó sì ṣe ọkùnrin olójú bíburú nínú The Phantom of the Opera (1925), fúnra rẹ̀ ni ó kun ojú ara rẹ̀ títí ó fi bani lẹ́rù. Síbẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe àwọn òǹwòran. Kí ló fà á? Ojú tí ó kùn ni ó ń bani lẹ́rù. Ẹyinjú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Ohun tí Chaney kọ́ nílé àwọn òbí rẹ̀ ni ó gbé wá sí gbangba.

Ẹnìkejì ni Charlie Chaplin, ọmọ ìlú London, tí a bí ní ọdún 1889. Láti ọdún 1914 ni ó ti ń ṣe alárìnká kan tí kò nílé tí kò lọ́nà, tí ṣòkòtò rẹ̀ tóbi jù ú, tí kóòtù rẹ̀ fún un jù, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe bí ọmọlúàbí. Ní ọdún 1931, nígbà tí sinimá Hollywood ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀ga, Chaplin gbé City Lights jáde. Orin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ létí wa. Ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé bí alárìnká náà bá fi lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, yóò di ọmọ ìlú kan ṣoṣo, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ gbogbo ayé ni tẹ́lẹ̀.

Nínú sinimá yìí, alárìnká ní láti pàdé ọmọbìnrin afọ́jú kan tí ń ta òdòdó, ọmọbìnrin náà sì ní láti rò pé olówó ni. Báwo ni a ó ti fi èyí hàn láìfọhùn? Ọ̀ràn náà dààmú Chaplin púpọ̀púpọ̀. Àìmọye ìgbà ni ó tún un yà. Ọ̀nà tí ó rí nígbẹ̀yìn nìyí. Ọkọ̀ dí ojú títì, ọlọ́pàá sì wà nítòsí. Kí alárìnká lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó gba inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó kan kọjá, ó jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó sì na òdòdó sí i. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni ó gbọ́. Olówó ni ó rò pé ó sọ̀ kalẹ̀. Alárìnká fún un ní owó. Bí ó ti fẹ́ fún un ní ṣéńjì, olówó tí ó ni ọkọ̀ wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ọkọ̀ sì lọ. Ọmọbìnrin náà rò pé ẹni tí ó ra òdòdó ni ó ti lọ láìdúró gba ṣéńjì. Alárìnká rọra yọ́ ẹsẹ̀ kúrò, kí ó má ba à ba àlá rẹ̀ jẹ́.

Ẹ kíyè sí i: ìró ilẹ̀kùn ni gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́, àwa kò sì gbọ́ ìró kankan. Ojú ni a fi gbọ́ ọ. Ní òpin sinimá, ojú ọmọbìnrin náà ti là, owó tí alárìnká wá ni ó fi tọ́jú ojú ọ̀hún, òun kò sì mọ̀. Ó rí alákìísà kan, ó fi í rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ fún un ní owó àti òdòdó. Nígbà tí ó fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ ni ó tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Ojú tí ó là kò dá a mọ̀. Ọwọ́ afọ́jú àtijọ́ ni ó dá a mọ̀. Ojú Chaplin nígbà náà kún fún ayọ̀, ìtìjú àti ẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èwo ni ẹnu ìbá sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Buster Keaton ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í fajú ro. Ara ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Nínú Steamboat Bill, Jr. (1928), ìjì wó ògiri iwájú ilé kan lù ú. Ògiri gidi ni. Fèrèsé kan tí ó ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀ ni ó gba orí Keaton kọjá, tí òun fi wà láàyè. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti sàmì sí, ìbá kú. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Àwa tí à ń wò ó ni à ń bẹ̀rù fún un.

Ìgbà tí ohùn dé

The Jazz Singer, tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1927, ni ó là ọ̀nà fún sinimá afọhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn dí ojú lọ́wọ́. Ariwo ẹ̀rọ ayàwòrán pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti tì í mọ́ inú àpótí ńlá. Òṣèré kò sì lè jìnnà sí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn. Ènìyàn wá dúró gbagidi bí òpó. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi rántí ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní òpin Queen Christina (1933), ayaba tí ó ti fi adé sílẹ̀ dúró ní iwájú ọkọ̀ ojú omi, olólùfẹ́ rẹ̀ sì ti kú. Ojú Greta Garbo nìkan ni ó kún aṣọ sinimá. Mamoulian, olùdarí eré náà, ti sọ fún un pé kí ó má ro ohunkóhun, kí ojú rẹ̀ ṣófo. Olúkúlùkù òǹwòran ni ó ń fi ìbànújẹ́ tirẹ̀ kún un. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Ìdákẹ́ méjì

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ìfẹ́ di wá lójú. Ìdákẹ́ kan wà tí òṣèré fúnra rẹ̀ yàn, bí ti Chaplin. Òmíràn wà tí wọ́n fi dí ènìyàn lẹ́nu. Èkejì yìí ni Hollywood fi jẹ àwọn ènìyàn dúdú níyà. Hattie McDaniel ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar, ní ọdún 1940, fún ipa ìránṣẹ́bìnrin tí ó kó nínú Gone with the Wind (1939). Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gbà á, tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí. Ipa ìránṣẹ́ ni wọ́n sì ń fún un léraléra. Síbẹ̀, bí ẹ bá wo ibi tí ó ti ń gun àtẹ̀gùn, tí ó ń sunkún ròyìn ikú ọmọ inú ilé náà, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ ju ipa tí wọ́n kọ fún un lọ.

Ọmọ tiwa náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Ìlú Èkó ni wọ́n bí Orlando Martins sí ní ọdún 1899; ìlú London ni ó ti di òṣèré. Nínú The Hasty Heart (1949), tí Vincent Sherman ará Hollywood darí, tí Ronald Reagan sì wà nínú rẹ̀, Martins ṣe ọmọ ogun ilẹ̀ Áfíríkà kan ní ilé ìwòsàn ológun ní Burma. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà kò fún un ní èdè. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú yàrá kan náà ni ọmọ Scotland kan wà tí àìsàn fẹ́ pa, tí kò sì fẹ́ ọ̀rẹ́. Martins na ẹ̀bùn ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà kò lè mọ̀ pé ikú ń bọ̀ wá bá ọkùnrin náà. Ẹ̀bùn rẹ̀ kì í ṣe ti àánú. Wọ́n gba ohùn lẹ́nu ọmọ Èkó yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kún ibi tí ohùn kò sí. Ó yẹ kí á mọ ìwọ̀sí tí ó wà nínú ipa náà, kí á sì mọ iṣẹ́ ọnà tí ó wà nínú òṣèré. Kí ọ̀kan má pa èkejì rẹ́.

Àdánù

Ohun tí ó kù láti sọ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ojú wọ̀nyí ti parẹ́. Ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù títí di nǹkan bí ọdún 1951 a máa gbiná bí ẹ̀tù, bí kò bá sì jóná, a máa jẹrà. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ yọ́ fàdákà inú rẹ̀ tà. Ní ọdún 1937, iná jó ilé ìpamọ́ Fox ní Little Ferry, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sinimá aláìfọhùn sì bá a lọ. Ìwádìí tí ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé nínú nǹkan bí 11,000 sinimá aláìfọhùn gígùn tí wọ́n ṣe níbẹ̀, nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù bí wọ́n ti gbé e jáde gan-an.

Nígbà mìíràn a máa ṣe ẹni ní oore. Oscar Micheaux, ènìyàn dúdú, gbé Within Our Gates jáde ní ọdún 1920, ìtàn obìnrin dúdú kan tí ń wá owó fún ilé ìwé àwọn ọmọ dúdú. Sinimá náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó rí ẹ̀dà kan ní ilẹ̀ Spéìn. Ọdún 1993 ni wọ́n tún un ṣe tán. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sáàrin rẹ̀ ti di èdè Spéìn, wọ́n sì ní láti túmọ̀ wọn padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ojú àwọn òṣèré kò nílò ògbufọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀ràn Amẹ́ríkà ni èyí. Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní èdè Haúsá ní ọdún 1976, wà ní ìpamọ́ ní ìlú Jos bí ohun tí a ti gbàgbé, kí wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n sì tàn án ní Berlin ní ọdún 2018. Sinimá Hubert Ogunde, bẹ̀rẹ̀ láti orí Aiyé (1979), kò tí ì pé ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ogbó fíìmù kì í ṣe ogbó ènìyàn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ tan ọ̀kan nínú àwọn sinimá wọ̀nyí fún àwọn ọmọ kíláàsì yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí City Lights. Kí ẹ rí i pé bí ó ti yẹ ni wọ́n tàn án. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan wí sílẹ̀. Wọn yóò rí i pé èdè wọn ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún un. Ẹni tí ó bá sì ti kọ́ láti ka ojú àwọn àjèjì tí ó ti kú wọ̀nyí, yóò mọ iye tí ojú àwọn òṣèré tiwa tó, yóò sì bèèrè ibi tí a tọ́jú wọn sí.