Ẹ Jẹ́ Kí Ìka Àwọn Ọmọ Wa Ríran

Láti ọdún 2015, tí àjọ JAMB ti sọ ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì di ohun tí gbogbo ọmọ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ni ọmọ àgbẹ̀ láti Iffe, ọmọ oníṣòwò láti Kàbà àti ọmọ ọlọ́lá láti Èkó ti ń jókòó síwájú ẹ̀rọ kan náà, tí aago kan náà sì ń ka ìṣẹ́jú mọ́ wọn lórí. Àwọn aláṣẹ JAMB pàápàá mọ̀ pé ọwọ́ gbogbo ọmọ kò tíì mọ ẹ̀rọ náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣètò pé ẹni tí kò lè lo máòsì lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò rẹ̀ parí: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti R fún ẹni tó bá yí ọkàn padà tí kò tíì fẹ́ fi í sílẹ̀. Àánú ni wọ́n fi èyí ṣe, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì mẹ́jọ kò lè gbé ọmọ la yunifásítì já, ó sì ń dùn mí pé nílẹ̀ Òkun wa, níbi tí Iffe àti Kàbà wà, ọmọ ṣì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ìka rẹ̀ máa kọ́kọ́ kan kíbọ́ọ̀dù.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ní orílẹ̀-èdè yìí, ọmọ afọ́jú ni a ti ń kọ́ ní táìpù bó ṣe yẹ, tí a sì fi ọmọ tó ríran sílẹ̀ kí ó máa fi ìka kan wá lẹ́tà kiri. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ ìkọ̀wé ni ọ̀rọ̀ náà ti rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1808, ọkùnrin ará Ítálì kan, Pellegrino Turri, ṣe ẹ̀rọ ìkọ̀wé kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Carolina Fantoni, ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́, kí ó lè máa kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí obìnrin náà fi ẹ̀rọ ọ̀hún kọ ṣì wà títí dòní. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ni Sholes ará Amẹ́ríkà tó gba ìwé àṣẹ lórí táípúráítà tirẹ̀. Nígbà tí Kàbà àti agbègbè rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìhà Àríwá, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú ti dúró ní Gindiri, nínú Ìhà kan náà, láti 1953. Ẹgbẹ́ Fún Àwọn Afọ́jú ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955, ń kọ́ àgbàlagbà afọ́jú ní táìpù ní Òṣòdì. Ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli sì bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè ní 1962. Ọmọ afọ́jú tó bá jókòó ṣe ìdánwò WAEC, ìwé bréèlì, alámì tó yọrí sókè, ni yóò fi ọwọ́ kà, táípúráítà ni yóò sì fi dáhùn, kí olùmáàkì tó ríran lè ka ohun tó kọ. Ta ló tún kù tó máa sọ pé ojú ni a fi ń táìpù?

Àwọn tó ríran náà gbà bẹ́ẹ̀ níkẹyìn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1888, ní ìlú Cincinnati, akọ̀wé kóòtù kan, Frank McGurrin, tó ti há ipò gbogbo lẹ́tà sórí tó sì ń fi gbogbo ìka rẹ̀ ṣiṣẹ́, bá Louis Traub tó ń wo bọ́tìnnì díje fún 500 dọ́là, ó sì fi í sílẹ̀ pátápátá.

Báwo ni ẹ̀kọ́ táìpù láìwo bọ́tìnnì yìí ṣe ń lọ? Ẹ fi ọwọ́ pa F àti J lórí kíbọ́ọ̀dù yòówù, ẹ óò kan ìlà kékeré kan tó yọrí sókè. Orí àwọn méjèèjì yìí ni ìka ìtọ́ka ń sinmi sí. Àwọn ìka yòókù tẹ̀ lé wọn lọ sórí D, S, A lápá òsì, àti K, L àti bọ́tìnnì tó tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún, àtàǹpàkò wà fún àlàfo. Ibẹ̀ ni ilé ìka. Ibi yòówù tí ìka bá nà dé, ibẹ̀ ni yóò padà sí. Orí ìlà yìí sì ni èdè wa ti ṣe ọmọ Yorùbá lóore, nítorí A wà níbẹ̀: kí ọmọ tó nà ọwọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀ rárá, ó ti lè kọ ajá, àdá, àlà, àkàlà àti fàdákà. Ẹ wo fàdákà: ìka ìtọ́ka òsì, ọmọńdinrín òsì, ìka àárín òsì, ọmọńdinrín, ìka àárín ọ̀tún, ọmọńdinrín. Gbogbo ìka kò dọ́gba, èyí tó kéré jù lọ ló sì gbé lẹ́tà kan tí a ń lò gan-an. Nítorí náà ni a kì í fi kánjú. Bí ọmọ bá ti tẹ fàdákà títí, ìka rẹ̀ a máa lọ fúnra wọn, bí ìyá ahunṣọ ilẹ̀ Bùnú ṣe ń ti òwú bọ òfì tí ojú rẹ̀ sì wà lára àlejò tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wàyí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ gbé wúwo. Ọmọ kan wà tí orí rẹ̀ pé, tó lè pa àlọ́ dé òpin, tó lè ṣírò owó ọjà láìlo bébà, síbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ó bá mú bírò, b a di d, p a di q, ọ̀rọ̀ tó kọ dáadáa lórí ìlà kìíní a sì dàrú lórí ìlà kẹta. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní dyslexia. Àwa a máa pe ọmọ náà ní olódo, a sì máa fi pàṣán tẹ̀ lé e. Kì í ṣe olódo, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń so ìró ọ̀rọ̀ mọ́ àmì ló yàtọ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù, b àti d kò jọ ara wọn mọ́: lẹ́tà ńlá ni wọ́n kọ sójú bọ́tìnnì, d wà lábẹ́ ìka àárín òsì, ìka ìtọ́ka sì ní láti nà sísàlẹ̀ kó tó kan b, p wà lọ́dọ̀ ọmọńdinrín ọ̀tún, q wà lọ́dọ̀ ti òsì lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ kò lè dì mú, ìka lè bá a dì í. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùkọ́ táìpù ti gbé ètò inú Alpha to Omega, ìwé tí Bevé Hornsby àti Frula Shear tẹ̀ jáde ní 1974 fún kíkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní sípẹ́lì láti ìró dé ìró, ka orí kíbọ́ọ̀dù. Kì í ṣe oògùn, kò sì ní kí ọmọ má kọ́ ìwé ọwọ́ kíkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bírò ń ro lọ́wọ́, tí ìdajì ojú ìwé ti ń mú un làágùn, a rí ọ̀nà tí èrò rẹ̀ fi máa dé orí ìwé kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó o, ó sàn ju wákàtí kan lọ́sẹ̀ lọ. Ọmọ tó ní ọwọ́ kan náà kò gbọ́dọ̀ jókòó síta: àárín kíbọ́ọ̀dù, lórí F, G, H, J, ni ọwọ́ kan ń gbé. A kò sì gbọ́dọ̀ bá èyíkéyìí nínú wọn sáré. Kí ìka kọ́kọ́ ṣe déédéé, eré a wá fúnra rẹ̀.

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò: ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, tí ìka rẹ̀ ti gùn tó láti tàn ká orí ìlà náà, lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì ti kọ́ ọmọ tán. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ girama ní 2013, iṣẹ́ rere ni, mo sì yìn ín, ṣùgbọ́n dígí tí ń dán kò ní ìlà kankan tí ìka lè fọwọ́ bà. Ojú ni ó ń béèrè nígbà gbogbo. Kíbọ́ọ̀dù gidi ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Bí ọmọ bá sì fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, ètò ọ̀fẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ṣe wà fún kọ̀ǹpútà. 

Ẹnìkan a ní: iná ńkọ́, owó kọ̀ǹpútà ńkọ́? Táípúráítà àtijọ́ kò jẹ iná, àwọn akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì láti iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n kọ́ táìpù kí àwọn òbí àwọn ọmọ wọ̀nyí tó gbéyàwó, sì wà nílùú. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ kankan, ẹ gé páálí bísíkíìtì, kí ẹ ya bọ́tìnnì sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò wọ́n lórí ẹ̀rọ gan-an, kí ẹ da ìdà àbẹ́là sórí F àti J títí yóò fi le, kí ẹ wá da aṣọ bo ọwọ́ ọmọ, kí olùkọ́ máa pe ọ̀rọ̀, kí ọmọ máa tẹ̀ ẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Iffe ní sáà tó ń bọ̀ kò ní ju páálí, kálà àti àbẹ́là lọ láti rà, ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní olódo ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ pè wá jókòó síwájú.